Ṣé ẹ̀pìyà lè di oúnjẹ àrọ̀ kí n má ra fíìdì mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ń sin àrọ̀ nínú adágún oníyẹ̀pẹ̀ kan ní ọ̀nà Láfẹ́nwá níbí ní Abẹ́òkúta. Owó fíìdì ti ga ju agbára mi lọ. Aládùúgbò mi ní kí n da ẹ̀pìyà mọ́ wọn, pé àrọ̀ á máa gbé wọn jẹ, mi ò sì ní náwó mọ́. Ṣé èrè wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, Màmá. Tó bá jẹ́ pé ẹ ó máa ra fíìdì fún ẹ̀pìyà kí àrọ̀ tó wá jẹ ẹ̀pìyà, gbèsè ni. Tó bá jẹ́ ohun tí oòrùn hù sínú omi ni ẹ̀pìyà ń jẹ, ọ̀rọ̀ yí padà, àmọ́ kò ní bọ́ àrọ̀ púpọ̀.

Ọ̀dọ̀ oòrùn ni agbára inú adágún yín ti wá. Èyí tó wà nínú fíìdì pàápàá, oòrùn ló kó o sínú àgbàdo àti sóyà tí wọ́n lọ̀. Nínú omi, àwọn ewéko tíntìntín tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé ló ń gbà á. Díẹ̀ ni wọ́n ń rí gbà: nǹkan bí ìdá kan nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí omi. Ẹ̀pìyà á jẹ wọ́n, àrọ̀ á jẹ ẹ̀pìyà. Ẹnu kọ̀ọ̀kan tí agbára yìí bá gbà kọjá ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń lọ. Ẹja ń fi lúwẹ̀ẹ́, ó ń fi mí, apá kan bá ìgbẹ́ jáde, ìyókù di ooru, kò sì sí ohun ẹlẹ́mìí tó lè kó ooru yẹn jọ padà. Raymond Lindeman, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ló ṣe ìṣirò bí agbára ṣe ń dín kù yìí lórí adágún kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota níbẹ̀. Ọdún 1942 ni iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Lápapọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú 10 ló ń dé ara ẹni tó jẹun, ó lè dín, ó lè lé. Agbára 1,000 lára ewéko á di 100 lára ẹ̀pìyà, á ku 10 lára àrọ̀.

Ẹ lè bi mí pé, ṣebí kílò fíìdì kan àti díẹ̀ ń di kílò àrọ̀ kan? Bẹ́ẹ̀ ni. Fíìdì gbẹ, omi ló sì pọ̀ jù nínú ẹran ara ẹja, nítorí náà kílò méjèèjì kò gbé agbára kan náà. Ẹja kì í sì í ná agbára láti mú ara rẹ̀ gbóná bí adìyẹ ti ń ṣe. Ìdí tí fíìdì fi ń pé nìyẹn, bí ẹ bá fún àrọ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ da ìgbẹ́ adìyẹ sí i. Ó wúlò, torí náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, àwọn èròjà ajílẹ̀ inú rẹ̀, ń mú ewéko omi pọ̀, àwọn èròjà wọ̀nyẹn sì ń yí po nínú adágún, wọn kì í tán bí agbára. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á jù. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìgbẹ́ àti fíìdì tó ṣẹ́kù nílẹ̀ ń lo ọ́síjìn, ewéko náà ń lò ó lóru. Bí ẹja bá ń yọ ẹnu sókè ní ìdájí, ọ́síjìn ti tán nìyẹn: ẹ dá ìgbẹ́ àti fíìdì dúró, kí ẹ fa omi tuntun wọlé. Ẹ ti ọwọ́ bọ omi; bí àtẹ́lẹwọ́ kò bá hàn mọ́ kí omi tó dé ìgbọ̀nwọ́, ewéko ti pọ̀ jù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ fi ẹ̀pìyà ṣe ọ̀sìn gangan nínú adágún kan tí omi rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ẹ̀pìyà a máa bímọ ní àbíjù, ọmọ á kún omi, kò sì ní sí èyí tó tóbi. Nígbà tí ìyá wọn bá ti tóbi kọjá ẹnu àrọ̀, ẹ kó àrọ̀ kéékèèké díẹ̀ sí i kí wọ́n máa jẹ àwọn ọmọ náà. Àrọ̀ tí ẹ fẹ́ tà lọ́pọ̀, ẹ fi í sí adágún tirẹ̀, kí ẹ máa bọ́ ọ ní fíìdì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ìwọ̀n tó lè jẹ tán lójú yín.