Káńpù eré ìdárayá tí ọmọ máa sùn sí: ọ̀rọ̀ òru ni kí ẹ bi wọ́n

Ìyá ọmọ, ẹ kú àníyàn. Ẹ ní ọmọ yín ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, tó ń wọ JSS2 lóṣù kẹsàn-án, fẹ́ lọ sí káńpù eré ìdárayá kan lágbègbè Sùúrùlérè nígbà ìsinmi gígùn yìí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni, wọ́n á sì máa sùn síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kò níbi tó ń lọ, ọmọ ń sunkún, ẹ̀yin wà láàárín wọn. Ẹ tún ní ó ṣì máa ń tọ̀ sílé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ò mọ̀ bóyá kí ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tàbí kí ẹ dákẹ́.

Mo ti ṣe mátírọ́ọ̀nù ní irú káńpù bẹ́ẹ̀ láti ìsinmi dé ìsinmi, ní Yábàá, ní Sùúrùlérè, àti ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọ̀rọ̀ ọ̀sán nìkan ni àwọn òbí sábà máa ń bèèrè. Ta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá? Ṣé ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà rí? Ṣé àwọn ọmọ á tẹ pápá Teslim Balogun? Jẹ́sì mélòó ni wọ́n á fún wọn? Kò burú. Àmọ́ tí wọ́n bá ti fọn fèrè ìkẹyìn ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, akọ́nimọ̀ọ́gbá ti ń wá bọ́ọ̀sì tó máa gbé e lọ sílé nìyẹn. Láti ìgbà náà di aago mẹ́fà àárọ̀, wákàtí 12 ni. Ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ yín? Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ gbé lọ bá wọn rèé, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi jẹ́sì dí yín lójú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ́kọ́rọ́. Hóstẹ́ẹ̀lì ilé ìwé àdáni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé ni ọ̀pọ̀ káńpù ń lò l'Ékòó. Wọ́n ti fi irin dí gbogbo fèrèsé rẹ̀ nítorí olè, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì máa ń ní. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn kan á fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn yẹn láti ìta, mẹ́gáàdì á kó kọ́kọ́rọ́ lọ sí ẹnu géètì. Wọ́n á ní torí ààbò ni. Tí wáyà fáànù bá gbiná lóru ńkọ́, ibo ni 20 ọmọ á gbà jáde? Ẹni tó ń sùn pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú ilé ló gbọdọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ dání. Èmi kì í gbà kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi àti ọmọ ọlọ́mọ láti ìta, mo ti kó ẹrù mi kúrò níbì kan rí nítorí ẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ bèèrè ti oògùn. Ní káńpù kan tí mi ò ní dárúkọ, ọmọbìnrin kan wà tó ní ikọ́ fée. Ìyá rẹ̀ ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ìyá ṣe. Ó kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù, ó kó ínhélà méjì wá, ó lẹ orúkọ ọmọ mọ́ ọn lára. Àwọn tó ṣètò káńpù gba oògùn lọ́wọ́ gbogbo ọmọ, wọ́n kó o sínú báàgì kan sórí tábìlì ọ́fíìsì, wọ́n sì tilẹ̀kùn, torí òfin wọn ni pé ọmọ kankan ò gbọdọ̀ tọ́jú oògùn fúnra rẹ̀. Lóru, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ògiri, èéfín rẹ̀ ń gbojú fèrèsé wọlé, ni àyà ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Mo gbé e jókòó, mo ní kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kó fọwọ́ lé orúnkún, kó máa mí díẹ̀díẹ̀. Mo ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá ṣí ọ́fíìsì. Akọ̀wé tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sílé, Ìkòròdú ló sì ń gbé.

Mẹ́gáàdì ló gbà wá lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run á gba òun náà. Ó yọ gíláàsì fèrèsé ọ́fíìsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n ti ògiri kí wọ́n má baà fọ́. Ó ti ọ̀pá ìgbálẹ̀ gba àárín irin, ó fi kọ́ ọwọ́ báàgì náà, ó rọra ń fà á bọ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi tó o. Ọmọ fa ínhélà, ó tún fà á, ó pẹ́ díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ tó já gaara. Èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní àwọn ní nọ́ọ̀sì, ẹ bi wọ́n pé ibo ni nọ́ọ̀sì ń sùn. Oògùn pàjáwìrì gbọdọ̀ wà ní yàrá tí ọmọ sùn sí, lọ́wọ́ àgbàlagbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ bèèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n máa gbé ọmọ lọ tí ara rẹ̀ ò bá yá lóru, àti ọkọ̀ wo ni wọ́n máa fi gbé e. Ẹni tó wà ní Sùúrùlérè ò jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá LUTH ní Ìdí-Àràbà. Tó bá jẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ilé ìwòsàn ìjọba, General Hospital, wà ní Marina. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni 767 àti 112. Ẹni tó bá ní òun ń ṣe káńpù, tó wá ń wo òkè nígbà tí ẹ bi í léèrè yìí, kò tíì múra.

Mo bẹ ẹ̀yin òbí tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín jẹ́ SS, ìyẹn àìsàn sickle cell, ẹ má fi pamọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín kí wọ́n má sọ pé àwọn ò gbà á. Òùngbẹ, òtútù àti àárẹ̀ ló sábà máa ń ru ìrora egungun yẹn sókè, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì pọ̀ ní káńpù eré ìdárayá. Tí a bá mọ̀, a ò ní jẹ́ kó pẹ́ nínú omi ìwẹ̀, a ò ní jẹ́ kó fi aṣọ tútù sùn, a ó sì máa fún un lómi ṣáá. Tí a ò bá mọ̀, a ó rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

Mo dárúkọ èéfín jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe ọmọ tó ní ikọ́ fée nìkan ló léwu fún. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí ojú ò rí, tó sì lè pa ẹni tó ń sùn láìjẹ́ pé ó ta pútú. Jẹnẹrétọ̀ ò gbọdọ̀ sí nítòsí fèrèsé yàrá rárá. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n gbé e sí.

Ọ̀rọ̀ tó kàn wúwo, mo sì máa sọ ọ́ bó ṣe rí. Àgbàlagbà kan ṣoṣo ò gbọdọ̀ wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá tí a tì, ì báà jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ì báà jẹ́ pásítọ̀ tàbí àáfáà. Àwọn méjì ni kó máa wà níbẹ̀. Obìnrin ni kó máa sùn ní ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé káńpù ni nǹkan oṣù wọn á ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ta ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ fún? Ẹ sì bèèrè bí wọ́n ṣe pín àwọn ọmọ sí yàrá. Ọmọ JSS ò gbọdọ̀ sùn pọ̀ mọ́ ọmọ kíláàsì àgbà, SS1 sí SS3. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá ń ran akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́wọ́, tí ẹnì kankan ò mọ ibi tí wọ́n ti wá, àwọn gan-an ni mo máa ń ṣọ́ jù. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹni tó dúró fún wọn hàn yín.

Ti ọ̀sán ò le tó bẹ́ẹ̀. Pápá oníkoríko ike máa ń gbóná ju koríko gidi lọ gan-an tí oòrùn bá mú, nítorí náà káńpù tó mọṣẹ́ á gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ kùtù àti lẹ́yìn aago mẹ́rin, wọ́n á sinmi láàárín. Ní ti omi, ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2024 tí àrùn onígbáméjì jà l'Ékòó, tó sì mú Ìsàlẹ̀ Èkó gidi gan-an. Ẹ bèèrè ibi tí omi mímu wọn ti ń wá. Tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ nínú lítà kan omi tó mọ́ ni wọ́n á máa fún un bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Tí odò ìwẹ̀ bá wà nínú ètò wọn, ó gbọdọ̀ ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa wo omi lọ, tí kò ní fóònù lọ́wọ́.

Òjò lè rọ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Káńpù tí kò ní ju bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá lọ á kàn kó àwọn ọmọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ni. Èmi fẹ́ràn èyí tó ní tẹníìsì orí tábìlì. Mo ti rí ọmọ tí ẹnì kankan ò mú sínú tíìmù bọ́ọ̀lù, tí òjò wá rọ̀, tó gbá báàtì mú, tí gbogbo ilé ń pariwo orúkọ rẹ̀. Eré tí Funke Oshonaike fi lọ sí Òlíńpíìkì nígbà méje nìyẹn, láti 1996 títí dé ti Tokyo, kì í ṣe eré àpatì.

Ẹ má rò pé mo ní kí ọmọ jókòó sílé. Mo fẹ́ kó lọ. Ọmọ tó bá sùn síta lọ́sẹ̀ kan á mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ìbọ̀sẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pàdánù eré láìbínú, bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ ẹlòmíràn pín búrẹ́dì. Àmọ́ àárò ilé á mú un, pàápàá lásìkò oorun. Inú rírun ni wọ́n sábà máa ń pè é. Mo máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níṣẹ́, pé òun ni yóò bá mi ka bọ́ọ̀lù láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí. Á sùn, torí iṣẹ́ ń dúró dè é. Ẹ̀yin náà, ẹ má sọ fún un pé tí kò bá dùn mọ́ ọn, ẹ máa wá mú un. Ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò máa rò lórí ibùsùn títí. Kí ó kọ́kọ́ lọ sùn lọ́dọ̀ ìyá àgbà fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ má pè é lóru.

Ó wá ku ti ìtọ̀. Kì í ṣe ìwà, kì í ṣe ọ̀lẹ, ó máa ń wọ́pọ̀ nínú ìdílé. Ẹ tiẹ̀ bi bàbá rẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù tí gbogbo òṣìṣẹ́ máa kà, àmọ́ ẹ má dákẹ́. Ẹ pe mátírọ́ọ̀nù tàbí olùtọ́jú ọkùnrin tó máa sùn níbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sọ ọ́ fún un lójúkojú, kí ọmọ náà mọ̀ pé ẹ ti sọ ọ́. Ẹ di aṣọ ìbora dúdú méjì, ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì méjì, ike tí wọ́n á tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, àti àpò ọ̀rá tó nípọn. Kí ó máa mu omi dáadáa lọ́sàn-án torí eré, kó dín in kù lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kó sì tọ̀ kó tó sùn. Bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n fún un, nítòsí ilẹ̀kùn. Èmi máa ń rọra jí wọn bíi aago mọ́kànlá, láìtan iná, láìpe orúkọ. Tó bá sì ṣẹlẹ̀, mo ti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ kí aago ìjí tó dún. Tí ẹni tí ẹ bá sọ ọ́ fún bá rẹ́rìn-ín, ọmọ yín ò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀.

Ẹ lọ wo hóstẹ́ẹ̀lì náà lálẹ́ ọjọ́ kan kí ẹ tó sanwó, kí ẹ mú bàbá rẹ̀ dání kó fojú ara rẹ̀ rí ẹnu ọ̀nà yẹn. Tí wọ́n bá ní òbí ò lè wo ibi tí ọmọ á sùn, ẹ máa bọ̀ nílé tẹ̀yin towó yín, ẹ lọ wá òmíràn.