Mo mọ kóòdù kọ, ṣùgbọ́n ìṣirò ń fà mí sẹ́yìn: ṣé mo lè gba oyè honours tó dára?

Ìbéèrè: Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà ní ọdún kejì nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń kọ kóòdù kí n tó wọlé, nítorí náà iṣẹ́ tó bá jẹ mọ́ kíkọ program kì í ni mí lára. Àmọ́ discrete mathematics (ìṣirò nípa ohun tó ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan) àti algorithms (ẹ̀kọ́ nípa ìgbésẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé láti yanjú iṣẹ́) ń fa máàkì mi wálẹ̀, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti ní kí a fi ẹ̀rí hàn. Oyè honours tó dára ni mo ń lé. Báwo ni kí n ṣe máa kàwé, irú iṣẹ́ ìwádìí wo ni kí n sì yàn ní ọdún ìkẹyìn?

Ìdáhùn: Mo dúpẹ́ pé ẹ kò fi ibi tó ń dùn yín pamọ́, nítorí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ kóòdù kọ kì í tètè jẹ́wọ́ pé ẹ̀rí ìṣirò ló ń dá wọn dúró, àfìgbà tí èsì ìdánwò bá jáde.

Kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ oyè náà, nítorí ohun tí wọ́n ń pè ní honours kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní England, inú ọdún mẹ́ta tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà ń lò fún oyè àkọ́kọ́ ni honours wà: credit (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ ẹ̀kọ́) 360 ni yóò kó jọ, máàkì rẹ̀ ni yóò sì sọ ipele tó bọ́ sí, tí 70 sókè sábà ń jẹ́ First Class, tí 60 sí 69 sì ń jẹ́ Second Class Upper. Ní Scotland, ọdún mẹ́rin ni. Ní South Africa, oyè ọ̀tọ̀ ni honours, ẹni tó bá ti gba oyè ọdún mẹ́ta ni yóò tún fi ọdún kan sí i láti ṣe é. Ní Australia náà, ọdún honours sábà máa ń tẹ̀lé oyè ọdún mẹ́ta. Ẹ ka ìwé ìlànà ẹ̀ka yín kí ẹ lè mọ èyí tó kàn yín, kí ẹ sì mọ ìpín tí máàkì ọdún kọ̀ọ̀kan ń kó nínú èsì ìparí. Ibi yòówù kí ẹ wà, ohun tí ẹni tó ń fún yín ní máàkì fẹ́ rí ni pé ẹ lè sọ ìdí tí ohun tí ẹ ṣe fi tọ̀nà, bí yóò ti pẹ́ tó kó tó parí iṣẹ́, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìmọ̀ kóòdù nìkan kò dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ká ní wọ́n fún yín ní àkójọ nọ́ńbà 100,000, tí wọ́n ní kí ẹ wá èyí tó wà níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó mọ kóòdù kọ lè fi loop (apá kóòdù tó ń tún iṣẹ́ kan ṣe léraléra) kan sínú òmíràn, kí ó máa fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wé gbogbo èyí tó kù, program náà yóò sì ṣiṣẹ́ dáadáa lórí nọ́ńbà mẹ́wàá tó fi dán an wò. Àmọ́ bí ó bá dé orí 100,000, ìfiwéra náà lè tó 4,999,950,000. Bí ó bá jẹ́ pé ó kọ́kọ́ to àwọn nọ́ńbà náà láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù, ìtò náà yóò gba nǹkan bí ìfiwéra 1,700,000, àwọn tó jọra yóò ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìrìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin àkójọ náà yóò sì tú wọn jáde. Bí àkójọ náà bá wá di ìlọ́po mẹ́wàá, iṣẹ́ ọ̀nà àkọ́kọ́ yóò di nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti ọ̀nà kejì yóò di nǹkan bí ìlọ́po méjìlá péré. Ìṣirò tó ń fà yín sẹ́yìn yìí ló jẹ́ kí a mọ èyí kí a tó kọ ìlà kóòdù kan.

Ẹ̀rí tí ẹ sì ń sá fún, ẹ ti ń lò ó láìmọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń kọ function (apá program tó ń ṣe iṣẹ́ kan pàtó) tó ń pe ara rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ máa ń sọ ohun tí yóò ṣe bí iṣẹ́ bá ti kéré dé òpin. Lẹ́yìn náà, ẹ ó gbà pé ó yege lórí iṣẹ́ tó kéré, ẹ ó sì fi èsì yẹn ṣe iṣẹ́ tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀nà ẹ̀rí ìṣirò tí à ń pè ní induction ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí ẹ̀rí kan bá dí mọ́ yín lójú, ẹ kọ ọ́ bíi function ná, kí ẹ tó tú u sí gbólóhùn. Ti loop kò jìnnà sí èyí: ẹ wá ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ òtítọ́ kí loop tó bẹ̀rẹ̀, tó ṣì jẹ́ òtítọ́ lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan, tó sì fi ìdáhùn hàn nígbà tí loop bá dúró. Fún loop tó ń wá nọ́ńbà tó tóbi jù, ọ̀rọ̀ náà ni pé “èyí tó wà lọ́wọ́ mi ló tóbi jù nínú gbogbo èyí tí mo ti wò”. Loop invariant ni orúkọ rẹ̀, mo sì ti rí akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ tí ojú wọn là lọ́jọ́ tí wọ́n kọ àkọ́kọ́ fúnra wọn.

Ẹ̀rí pàápàá ní ohun tó gbé ara lé, ẹ má fo ibẹ̀. Lọ́dún 2006, Joshua Bloch, tó kọ binary search (ọ̀nà tí à ń gbà wá nǹkan nínú àkójọ tí a ti tò, nípa pípín in sí méjì léraléra) tó bá èdè kọ̀ǹpútà Java wá, kéde pé àṣìṣe kan ti wà nínú rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Láti rí àárín àkójọ, kóòdù náà ń ro nọ́ńbà ipò ìsàlẹ̀ àti ti òkè pọ̀ kí ó tó pín in sí méjì. Bí àpapọ̀ wọn bá kọjá 2,147,483,647, tí í ṣe òpin ohun tí irú nọ́ńbà tí kóòdù náà lò lè gbà, àpapọ̀ náà á di nọ́ńbà òdì. Ìlànà náà tọ̀nà nínú ìwé, níbi tí nọ́ńbà kò ti ní òpin. Inú ẹ̀rọ ni òpin wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè sọ irú ìyàtọ̀ yìí nínú ìdánwò ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó yẹ fún honours.

Ní ti ìwé kíkà, pẹ́ẹ̀nì àti ìwé ni kí ẹ fi kọ́ ẹ̀rí, kí ẹ sì gbé kọ̀ǹpútà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú ogójì ó kéré tán kí ẹ tó wo ìdáhùn. Bí ẹ bá sì wò ó, ẹ pa á dé, kí ẹ tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wákàtí tó ń lọ sí i kò kéré. Nínú ètò Britain, credit kan dúró fún wákàtí mẹ́wàá, nítorí náà ẹ̀kọ́ oní-credit 20 ń retí wákàtí 200 lọ́wọ́ yín, apá kan péré nínú rẹ̀ ni ẹ sì ń lò níwájú olùkọ́. Àwọn tó ń fi gbogbo wákàtí tó kù ṣe kóòdù, nítorí pé ibẹ̀ ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ni máàkì wọn ń rí bí tiyín ṣe rí báyìí.

Nípa iṣẹ́ ìwádìí, àṣìṣe tí mo rí jù lọ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ wá sọ́dọ̀ alábòójútó pẹ̀lú ohun tó fẹ́ kọ́, láìní ìbéèrè tó fẹ́ dáhùn. “Mo fẹ́ ṣe app tí yóò máa wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé” kò tíì tó. Ẹ bi í báyìí: nínú ọ̀nà méjì tí a lè gbà to atọ́ka ọ̀rọ̀, èwo ni kì í gba àyè púpọ̀ bí ìwé ṣe ń pọ̀ sí i, ibo sì ni ìyàtọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣeé wọ̀n, ó ní òpin, kódà bí ọ̀nà tí ẹ fọkàn tán bá fìdí rẹmi, èsì ni ìyẹn náà, ẹ ó sì lè kọ ọ́ láìtijú. Ẹ ṣe ìdánwò kọ̀ọ̀kan lọ́pọ̀ ìgbà, bí ọgbọ̀n, nítorí èsì ẹ̀ẹ̀kan lè ti ọwọ́ ohun mìíràn tí ẹ̀rọ ń ṣe wá. Kí ẹ kọ irú ẹ̀rọ tí ẹ lò sílẹ̀, kí ẹ fi kóòdù àti dátà sínú Git (ètò tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe tí ẹ bá ṣe) láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì mú ojú ìwé kan tí ẹ kọ fúnra yín lọ bá alábòójútó yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá dúró di oṣù ìkẹyìn kó tó bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ ti gbàgbé ìdí tó fi ṣe ìdajì ohun tó ṣe.

Àwọn ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá tó ń kọ kóòdù ti wà níkàáwọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Ẹ tẹ̀lé òfin ẹ̀ka yín lórí wọn, kí ẹ sọ ibi tí ẹ ti lò wọ́n. Ìlà kóòdù tí ẹ kò bá lè ṣàlàyé níwájú olùdánwò, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ọdún kejì ni ẹ wà, àyè ṣì wà fún yín láti gbé máàkì yẹn sókè. Ẹ mú function kan nínú èyí tí ẹ kọ lóṣù yìí, èyí tó ní loop, kí ẹ kọ invariant rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ ka iye ìgbésẹ̀ rẹ̀ bí àkójọ bá di ìlọ́po méjì, kí ẹ sì gbé e lọ fún olùkọ́ algorithms yín ní wákàtí tó yà sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.