Ìdí páì ápù mi rin gbindin: níbo ni mo ti ṣì í?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Manchester ni mo ń gbé. Aládùúgbò wa, ìyá àgbà òyìnbó kan, ká ápù inú ọgbà rẹ̀, ó kó odidi àpò kan fún wa. Mo ní kí n fi ṣe apple turnover, páì onígun mẹ́ta yẹn, torí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀ nínú oṣù kẹwàá, wọ́n sì ní kí n mú ọgbọ̀n wá. Mo dán mẹ́fà wò. Òkè rẹ̀ pọ́n, àmọ́ omi ápù tú jáde, ìdí rẹ̀ rin gbindin, kò sì wú. Puff pastry tí wọ́n ti tẹ́ sílẹ̀ ní súpámákẹ́ẹ̀tì ni mo rà. Mítì páì mi kì í ṣe mí báyìí rí. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìkórè o. Inú ohun tí ẹ fẹnu ara yín sọ ni ìdáhùn wà: mítì páì. Ọwọ́ tí a fi ń ṣe mítì páì ni ẹ fi mú ti ápù, bẹ́ẹ̀ ìwà àwọn méjèèjì ò jọra.

Tí a bá ń po ti mítì páì, ńṣe la máa ń fi ìka rún bọ́tà wọnú fláwà títí wọ́n á fi di ọ̀kan. Ẹ lè bu ẹran àti ọ̀dùnkún tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, ẹ lè kó gígé rẹ̀ jọ kí ẹ tún un pò, kò ní bínú. Puff pastry, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ sí pọ́f-pọ́f o, kì í gba irú ìyẹn. Bọ́tà tirẹ̀ ò pò mọ́ fláwà. Ó tẹ́ sáàárín rẹ̀ ní ìpele-ìpele, tín-ín-rín bí abala ìwé. Nínú 100 gíráàmù bọ́tà, nǹkan bíi 16 ló jẹ́ omi. Bó bá wọnú ààrò tó gbóná dáadáa, omi yẹn àti ti inú fláwà á hó, á di ooru tó ń wá ibi tó máa gbà, ooru náà á máa ti ìpele kọ̀ọ̀kan sókè, fláwà á sì gan síbi tó bá a dé. Bó ṣe ń wú nìyẹn, kò sí yíìsì níbẹ̀. Àmọ́ bọ́tà gbọ́dọ̀ ṣì le nígbà tó ń wọlé, ooru àtẹ́lẹwọ́ lásán sì tó láti yọ́ ọ. Tí ẹ bá bu ápù gbígbóná lé e, bọ́tà á ti mu sínú fláwà kó tó rí iná, gbogbo ìpele á lẹ̀ pọ̀.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan ní London, mo kánjú lọ́jọ́ Sátidé kan, mo bu ápù tó ṣì ń rú èéfín sínú ọgọ́ta. Nígbà tí mo ṣí ààrò, bọ́tà ti sun sínú páànù, páì mi ń dín nínú rẹ̀ bí àkàrà. Ìdí dúdú, àárín rí bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ ò gbóná. Ọ̀gá mi ò sọ̀rọ̀. Ó gé ọ̀kan sí méjì, ó gbé e síwájú mi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ti bọ́tà nìyẹn. Ti omi ápù ló wá pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yín. Nǹkan bíi 85 nínú ọgọ́rùn-ún ápù ló jẹ́ omi, ṣúgà á sì tún fà á jáde bí iyọ̀ ṣe ń fa omi lára ẹja. Tí ẹ bá dé ápù tútù àti ṣúgà mọ́nú páì, ibo ni omi yẹn fẹ́ gbà tí kì í bá ṣe ìdí? Ẹ gbọ́dọ̀ lé e lórí iná kó tó débẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú ápù tí ìyá yẹn fún yín. Tó bá tóbi, tó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ, tó ní àwọ̀ ewé tí pupa díẹ̀ kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì kan débi pé ojú yín dijú fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe gé e jẹ, Bramley ni, ápù sísè àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Ann Brailsford ló gbin kóró rẹ̀ sínú ọgbà ilé wọn ní Southwell, ní Nottinghamshire, lọ́dún 1809. Matthew Bramley, apẹran tó wá ra ilé náà lẹ́yìn wọn, ló ní igi náà nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan, Henry Merryweather, wá tọrọ ẹ̀ka rẹ̀ lọ́dún 1856 kó lè máa tà á. Bramley ní òun gbà, bí wọ́n bá ti lè máa fi orúkọ òun pè é. Ẹni tó gbìn ín ò jẹ nǹkan kan níbẹ̀, ó sì máa ń dùn mí.

Ápù Bramley ò lágbára iná. Ó máa ń tú di ẹ̀kọ ni. Ìyẹn dára fún adùn, àmọ́ tó bá dá wà, eyín ò ní rí nǹkan kàn. Ẹ fi irú ápù míì, Cox tàbí Braeburn, kún un, àwọn yẹn máa ń dúró. Fún páì mẹ́fà, Bramley ńlá kan, Cox kan, ṣúgà 50 gíráàmù, bọ́tà 15 gíráàmù, sínámọ́nù ìdajì ṣíbí kékeré. Ẹ da Bramley, bọ́tà àti ṣúgà sínú ìkòkò tó fẹ̀, ẹ má ṣe bu omi sí i, ẹ má dé e. Bó bá ti ń tú, ẹ da Cox àti sínámọ́nù sí i. Ẹ máa rò ó títí, bí ẹ bá fi ṣíbí fa ìdí ìkòkò, ojú ọ̀nà ṣíbí náà ò ní tètè padé mọ́. Ẹ wá fi omi tútù po kọnfláwà ṣíbí kékeré kan, ẹ dà á sí i, kó sì hó: ògì tí omi rẹ̀ ò hó kì í di ẹ̀kọ. Kọ́sítádì ọmọ yín náà lè ṣe é, kọnfláwà tí wọ́n pa láró ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ tẹ́ ápù yìí sórí páànù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kó tètè tutù, lẹ́yìn náà kó wọ fíríìjì. Tí kò bá tíì tutù bí omi inú fíríìjì, ẹ má fọwọ́ kan fláwà. Fún ọgbọ̀n, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po márùn-ún, kí ẹ sì lo ìkòkò méjì. Ìkòkò tó kún kì í jẹ́ kí omi gbẹ.

Abala puff pastry 320 gíráàmù kan gùn tó 35 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ tó 23. Ẹ pín gígùn rẹ̀ sí mẹ́ta, fífẹ̀ rẹ̀ sí méjì: mẹ́fà géérégé, kò sí gígé kankan tó ṣẹ́ kù. Ọ̀bẹ mímú ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ẹ má fà á. Kí ẹ tó bu ápù, ẹ fọ́n sẹ́mó díẹ̀ sí àárín, sẹ́mó tí ẹ fi ń ro òkèlè náà ni, òun ló máa mu omi tó bá tún fẹ́ sá jáde. Ṣíbí ìjẹun kan péré tó. Ẹ fi omi pa etí rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ọ̀bẹ là á lórí lẹ́ẹ̀mejì kí ooru rójú ọ̀nà, kí ẹ fi ẹyin kùn ún lórí. Ẹyin ò gbọ́dọ̀ ṣàn sí ojú ibi tí ọ̀bẹ gé, tó bá ṣàn síbẹ̀, ó ti lẹ ìpele pọ̀ nìyẹn. Ẹ dá a padà sí fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ààrò: 200°C tó bá ní fáànù, 220°C tí kò bá ní. Kí páànù òfìfo ti wà nínú rẹ̀ bó ṣe ń gbóná, kí ẹ fa páì pẹ̀lú bébà rẹ̀ sórí páànù gbígbóná yẹn. Ìdí á gan lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 sí 25. Tó bá pọ́n bíi dòdò tó jinná dáadáa, ẹ gbé e. Tó bá ṣì jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, inú ò tíì jinná.

Tí ìkórè bá jẹ́ Sunday, ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ tò ó ní tútù sínú fírísà. Láàárọ̀, láti fírísà sínú ààrò tààrà ni, ẹ kàn fi bí ìṣẹ́jú márùn-ún kún un. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kó o sínú kúlà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bíi ti ìrẹsì, ẹ má sì fi fọ́ìlì wé e ní gbígbóná. Ó máa làágùn, gbogbo wàhálà tí ẹ ṣe á tún padà rọ̀. Apẹ̀rẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó.