Ṣé oyè àkọ́kọ́ nínú sàìkọ́lọ́jì (ìmọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ènìyàn) tó láti fi máa tọ́jú aláìsàn ọpọlọ ní Nàìjíríà?

Rárá, kò tó. Ìpìlẹ̀ ni oyè B.Sc., tí wọ́n ń fi ọdún 4 kà, tàbí ọdún 3 fún ẹni tó gba Direct Entry wọlé, ìyẹn ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì. Ẹni tó bá fẹ́ di onímọ̀ sàìkọ́lọ́jì ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ tún kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì, kí ó sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó àwọn àgbà onímọ̀. Ti dókítà ọpọlọ tó ń kọ oògùn fún aláìsàn yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé ìmọ̀ ìṣègùn ni òun kọ́kọ́ kà.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Èkó, ara ìmọ̀ àwùjọ ni wọ́n ka sàìkọ́lọ́jì sí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò. Ní ọdún tó kẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe ìwádìí tirẹ̀: ó lè pín ìwé ìbéèrè fún àwọn nọ́ọ̀sì lórí bí wọ́n ṣe ń sùn àti bí iṣẹ́ ṣe ń rẹ̀ wọ́n sí, á ka ìdáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì fi ìṣirò wò ó bóyá ọ̀kan bá èkejì tan.