Ṣé ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni Dolly Parton, gbajúgbajà olórin Amẹ́ríkà, kọ sínú orin "Coat of Many Colors" (Ẹ̀wù Aláràbarà)?

Bẹ́ẹ̀ ni o, ìtàn ara ẹ̀ ni. Tennessee ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1946, òun ni ọmọ kẹrin nínú ọmọ 12, àgbẹ̀ ni bàbá ẹ̀, kódà àpò ìyẹ̀fun àgbàdo kan ni bàbá yẹn fi sanwó fún dókítà tó gbẹ̀bí ẹ̀, ẹ ò rí ìṣẹ́!

Aṣọ tó ń kọrin nípa ẹ̀ yẹn, àkísà táwọn èèyàn fún wọn ni ìyá ẹ̀ tò pọ̀ tó fi rán an, bó sì ṣe ń rán an lọ ló ń sọ ìtàn Jósẹ́fù inú Bíbélì fún un, ẹ̀wù aláràbarà tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn. Ọmọ wọ̀ ọ́ lọ síléèwé, ó ń yangàn, àfi báwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe bú sẹ́rìn-ín. Kò tiẹ̀ yé e pé kí ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí, torí lójú tiẹ̀, òun lówó jù wọ́n lọ. Ibẹ̀ ló máa ń mú mi jù.

Ọdún 1969 ló kọ orin náà, nínú bọ́ọ̀sì tí òun àti Porter Wagoner, olórin bíi tiẹ̀, fi ń lọ ṣeré káàkiri, kò rí bébà, ló bá kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì ilé ìfọṣọ tó wà lára kóòtù Porter. Ó jáde ní 1971, ó dé ipò 4 lórí àtẹ orin country (irú orin àwọn ará ìgbèríko Amẹ́ríkà) ti ìwé ìròyìn Billboard, nígbà tó di 2011, Library of Congress, ilé ìkówèésí ìjọba Amẹ́ríkà, fi í kún àwọn orin tí wọ́n ń tọ́jú pamọ́.