Ohun tí ẹ̀dá-ìtàn ń lé ni ó ń fún un ní ohùn

Ẹ béèrè ohun tí ẹ lè ṣe sí ìwé eré sinimá yín, nítorí pé olùdarí eré tí ó kà á sọ pé ẹnu kan náà ni gbogbo ẹ̀dá-ìtàn inú rẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ tún ṣàlàyé pé ẹ ti gbìyànjú láti fi òwe sí ẹnu ọ̀kan, pé ẹ sì jẹ́ kí èkejì máa da Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Yorùbá, síbẹ̀ ìyàtọ̀ kò hàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìwé eré fún àwọn tí ń ṣe sinimá ní Súrùlérè àti Yábàá, ohun tí iṣẹ́ náà sì kọ́ mi ni pé ìyàtọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu. Ohun tí ẹnìkan ń lé, pẹ̀lú ohun tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀ nípa òun, ni ó ń bí bí yóò ṣe sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé kan ní Ẹbúté Mẹ́ta, irú èyí tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ayálégbé sì ń lo ilé ìdáná kan ṣoṣo. Onílé pè wọ́n jọ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ní owó ilé yóò di ìlọ́po méjì. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ohun tí ó sì ń lé ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe fura pé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tó o jẹun mọ́. Obìnrin aránṣọ kan wà níbẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, gbogbo àdúrà rẹ̀ ni pé kí wọ́n má lé òun kúrò kí ọmọ òun tó ṣe ìdánwò WAEC. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan náà wà níbẹ̀ tí ó ń wa dánfó láti Yábàá lọ sí Oṣòdì. Òun ti lọ bá onílé ní ìkọ̀kọ̀, ó ti gbà láti san owó tuntun náà, kí onílé lè fi yàrá aránṣọ kún yàrá tí òun ń gbé.

Ẹ kò tíì kọ gbólóhùn kan fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ ti lè gbọ́ wọn. Bàbá rélùwéè kò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Yóò sọ̀rọ̀ nípa òfin ilé gbígbé àti ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà, kò sì ní mẹ́nu ba owó rárá. Aránṣọ yóò dákẹ́ láàárín èrò, yóò wá tẹ̀lé onílé dé ẹnu ọ̀nà, yóò kúnlẹ̀, yóò béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀ kí ó tó sọ ohun tí ó ń bẹ nínú rẹ̀. Awakọ̀ ni yóò pariwo jù lọ, òun ni yóò máa pe onílé ní ìkà lójú gbogbo ilé, nítorí pé ó ti ta àwọn yòókù, ó sì nílò ariwo tí yóò fi bo ara rẹ̀. Bí ẹ bá yọ òwe kúrò lẹ́nu bàbá, tí ẹ sì yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lẹ́nu awakọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní jọra síbẹ̀.

Àwa tí a ń kọ eré ní Yorùbá tún ní irinṣẹ́ kan tí ó wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́, tí a kì í sì í lò tó: bí ènìyàn ṣe ń pe ara wọn. Kí n tó kọ ìran kankan, mo máa ń kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń pe ẹnìkejì lójú rẹ̀, àti ohun tí ó ń pè é lẹ́yìn. Aránṣọ wa lè máa pe awakọ̀ ní "àbúrò mi", kí ó sì di "ọmọ yìí" nígbà tí ó bá jáde tán. Awakọ̀ ń pè é ní "Ìyá Bísí", ṣùgbọ́n bàbá rélùwéè, tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ṣiṣẹ́ rí, ń pè é ní "ìyàwó wa", òǹwòran sì ti mọ̀ láti ibẹ̀ pé bàbá gbà pé òun ní ẹ̀tọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyàwó ilé tí ó ń pe àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ní "Akọ̀wé" tàbí "Ìbàdíàrán" yàtọ̀ sí èyí tí ó ń la orúkọ mọ́ wọn lórí, kò sì sí ẹni tí yóò ṣàlàyé ìyẹn fún Yorùbá kankan. Èyí tí ó lágbára jù ni "ẹ" àti "o". Bí aránṣọ bá ti ń fi "ẹ" bá onílé sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, tí ó wá di ọjọ́ tí ó gbọ́ pé wọ́n ti fi yàrá òun fún ẹlòmíràn, tí ó sì wo ojú rẹ̀ pé, "Ìwọ náà bímọ", kò sí òǹwòran tí kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹ ṣọ́ ìyípadà bẹ́ẹ̀ lò, nítorí pé bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, agbára rẹ̀ ti tán.

Ní ti ẹ̀ka-èdè, ó dùn mí bí a ṣe ń lò ó. Kí a mú ẹni tí ó ń sọ Ìjẹ̀bú kí a sọ ọ́ di ahun, kí a mú ará Ìbàdàn kí a sọ ọ́ di aláriwo, kì í ṣe ìfìwàwẹ̀dá, ìyẹn fífún ẹ̀dá-ìtàn ní ìwà tirẹ̀, ó sì ń tàbùkù àwọn tí wọn yóò fi owó wọn wo eré náà. Ibi tí ẹnìkan ti wá wúlò nígbà tí ó bá kan ohun tí ó ń ṣe. Obìnrin tí ó dàgbà ní Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó, ní ìdílé àwọn tí wọ́n padà dé láti Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, yóò se fréjọ̀n, ẹ̀wà olómi àgbọn yẹn, ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán ni oúnjẹ náà, ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí obìnrin náà bá gbé e ránṣẹ́ sí gbogbo ará àdúgbò ní ọdún yìí, tí ó sì fo ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìjà ìdílé náà ti hàn sí wa.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé òṣèré ni yóò gbé ẹ̀dá-ìtàn yọ, wọ́n a sì tọ́ka sí àwọn eré alárìnkiri tí ó gbilẹ̀ lẹ́yìn tí Hubert Ogunde dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945. Òótọ́ ni pé nínú ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ yẹn, orí ìtàgé ni òṣèré ti ń hun ọ̀rọ̀ rẹ̀, òṣèré kan a sì máa gbé ẹ̀dá kan kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí Moses Olaiya ṣe gbé Bàbá Sàlá. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kó ipa inú ìwé yín lè má pàdé yín títí di ọjọ́ ìfidánrawò. Àgbà òṣèrébìnrin kan gbé ìwé eré mi sílẹ̀ ní Súrùlérè, ó bi mí pé kí ni obìnrin yìí ń fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, pé bí òun kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ náà kò ní lè jáde lẹ́nu òun. Láti ìgbà náà, ìbéèrè rẹ̀ ni mo ń kọ́kọ́ dáhùn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ààyè kò sì pọ̀. Ojú ìwé kan ń gbà tó ìṣẹ́jú kan nínú sinimá, nítorí náà eré wákàtí kan ààbọ̀ jẹ́ bí ojú ìwé 90, ẹni tí kì í ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn lè má rí ju márùn-ún gbà nínú rẹ̀. Kámẹ́rà kò rí ohun tí ó wà nínú ọkàn. Dípò kí ẹ kọ pé bàbá jẹ́ agbéraga, ẹ jẹ́ kí a rí i tí ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ rẹ̀ kí ó tó jáde sí ìpàdé onílé. Ẹ kíyè sí orúkọ pẹ̀lú: Adébáyọ̀, Adébọ̀wálé àti Adéṣínà nínú ìwé kan yóò da ojú ẹni tí ń kà á rú.

Nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ bo àwọn orúkọ tí ó wà lókè ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà ní ìran kan kà, kí ó sì sọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ fún yín. Ibi tí ó bá ti ṣì í, ẹ má ṣe kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kọ; ẹ padà lọ wo ohun tí àwọn ẹ̀dá-ìtàn méjèèjì tí ó fi ọ̀kan pe èkejì ń lé. Bí ó bá jẹ́ ohun kan náà ni wọ́n ń lé, tí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lé e sì jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ pa àwọn méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan, kí ẹ sì fi ojú ìwé tí ó ṣẹ́ kù kún ti ẹni náà.