Ọkọ̀ wa wà ní Kent, àwa wà ní Ìjẹ̀bú: kí ni kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe sí i?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi àti ọkọ mi la jọ ni motorhome kan, Fiat Ducato tó ń lo dísù, tó ní ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ lẹ́yìn. Òun la máa ń gbé lọ sí Wales àti Scotland tí ooru bá ti mú díẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án la gbé e sí ọgbà ìgbọ́kọ̀sí kan ní Kent, a wá sílé ní Ìjẹ̀bú-Òde, a rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la máa lò. Àìsàn màmá mi ló dá wa dúró. A ti wọ oṣù kìíní báyìí, a ò sì lè padà kí oṣù kẹrin tó dé. Bí a ṣe gbé e síbẹ̀ náà ló wà: omi wà nínú táńkì, bátìrì wà lójú wáyà. Kò sí iná mànàmáná níbi tó wà. MOT rẹ̀, ìyẹn ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò ọkọ̀ ti ọdọọdún, máa parí ní oṣù kejì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ nípa irú ọkọ̀ yìí, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì jẹ́ kó ráyè. Ọkọ mi ní kó máa lọ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóṣooṣù. Ṣé ìyẹn tó?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú màmá, mà. Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà, ẹ ó sì fi ayọ̀ padà.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ṣùgbọ́n ìyẹn ò tó, kò tiẹ̀ yẹ kó wáyé rárá. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí ọmọ yín bá lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, tó sì ṣe ohun tó yẹ, ó sàn ju kó máa lọ tan ẹ́ńjìnnì lóṣooṣù títí ẹ ó fi dé. Omi ni kó kọ́kọ́ mójú tó, lẹ́yìn náà bátìrì. Kí ó tó kúrò nílé, kó pe àwọn tó ni ọgbà náà kó mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn àti ohun tí wọ́n gbà kí èèyàn ṣe níbẹ̀. Tó bá débẹ̀, kó fi WhatsApp pè yín kó gbé fóònù sókè kí ẹ máa rí ohun tó ń rí. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan wà nínú ọkọ̀ yín, èmi ò mọ̀ ọ́n, òun náà ò mọ̀ ọ́n.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní omi ni àkọ́kọ́. Oṣù kìíní àti ìkejì ni òtútù máa ń mú jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Omi tó bá di yìnyín máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí 9%. Páìpù rọ́bà lè bá a fẹ̀ díẹ̀, àmọ́ orí pọ́ǹpù, bọ́ílà tó ń mú omi gbóná àti ẹnu ẹ̀rọ omi ò lè fẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa là. Mo ń tú irú ẹnu ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ palẹ̀ nígbàkígbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀. Ara rẹ̀ á máa dán lóde. Ìgbà tí mo bá yọ orí rẹ̀, tí mo gbé ike inú rẹ̀ sábẹ́ iná, ni mo máa ń rí ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun. Kò ní jò ní gbogbo ìgbà òtútù, torí pọ́ǹpù ò ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí onílé bá dé, tó rọ omi tuntun sí táńkì, tó tan pọ́ǹpù, ọjọ́ náà ni omi máa gba ojú ìlà yẹn sọ̀kalẹ̀ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Pákó ilẹ̀ ọkọ̀ máa mu ún. Ẹnu ẹ̀rọ ò wọ́n, pákó ilẹ̀ tó ti jẹrà ló ń kó èèyàn sí gbèsè. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò míì ò sì ní san kọ́bọ̀ lórí ohun tí yìnyín bà jẹ́ bí wọ́n bá rí i pé ẹ ò da omi nù.

Tó bá jẹ́ bọ́ílà Truma Combi ló wà nínú ọkọ̀ yín, ó ní fáàfù kan tí wọ́n ń pè ní FrostControl. Kò nílò iná kankan: tí ibi tó wà bá ti tutù dé nǹkan bí 3°C, á ṣí fúnra rẹ̀, á da omi bọ́ílà sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bọ́ílà nìkan ló ń dáàbò bò. Omi tó há sínú pọ́ǹpù àti sí ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n pa dé ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, kí ọmọ yín pa pọ́ǹpù, kó ṣí ojú ìdàmisílẹ̀ táńkì omi mímọ́ àti ti omi ìdọ̀tí, kó sì ṣí fáàfù bọ́ílà. Kó wá ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ, ti ìdáná, ti ìfọwọ́ àti ti ìwẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ pé ọwọ́ kan ló ń darí omi gbígbóná àti tútù, kó fi ọwọ́ náà sí àárín gbùngbùn kí méjèèjì lè ṣí. Kó yọ orí ṣáwà kúrò níbi tó so rọ̀ sí, kó gbọn omi inú rẹ̀ dànù, kó sì gbé e sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé, ibẹ̀ ni mo sì ń rí tó ń là jù. Tó bá bá omi náà ní dídì, kó má fi tipátipá ṣe é, kó má sì gbé iná sún mọ́ ọn. Kó ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi á máa jáde fúnra rẹ̀ tí òtútù bá rọlẹ̀. Kí gbogbo rẹ̀ wà ní ṣíṣí títí ẹ ó fi dé. Ní ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó da àpótí rẹ̀ nù, kó fọ̀ ọ́, kó sì fi ìdérí tó ń bẹ lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí kí rọ́bà rẹ̀ má baà lẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi Vaseline pa rọ́bà yẹn, ó máa ń bà á jẹ́.

Ó kan bátìrì. Oríṣi méjì lẹ ní, ti ẹ́ńjìnnì àti ti inú ilé. Ti ẹ́ńjìnnì ló ń gbé áláàmù, ẹ̀rọ atọpinpin àti rédíò, gbogbo wọn sì ń fà díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án lóru láti oṣù kẹsàn-án. Kí ọmọ yín mú mítà kékeré kan dání, irú èyí tí mẹkáníìkì fi ń wọn iná. Bátìrì tó kún tó sì ti sinmi máa ń fi nǹkan bí 12.7 fóòtì (volt) hàn. 12.2 túmọ̀ sí pé ó ti dé ìdajì. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìmí-ọjọ́ inú rẹ̀ sì ti ń dì mọ́ ara irin rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní gba iná dáadáa mọ́. Ewu kejì ni pé ásíìdì bátìrì tó ti kú kì í yàtọ̀ púpọ̀ sí omi, òtútù lè mú un dì kí àpótí rẹ̀ sì là. Èyí tó kún kì í dì nínú òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bátìrì tó ti dì, ẹ má so ó mọ́ ṣájà o, ó lè bú gbàù.

Torí pé kò sí iná níbẹ̀, ohun tí mo máa ń gba àwọn oníbàárà mi níyànjú ni pé kí wọ́n yọ bátìrì méjèèjì, kí wọ́n gbé e lọ sílé, kí wọ́n fi ṣájà tó mọ ìgbà tó yẹ kó dẹ́kun rọ iná sí i, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sí gàréèjì. Bátìrì tó kún, tí wáyà kankan ò so mọ́, lè wà fún oṣù mélòó kan láìṣe nǹkan kan, òtútù tiẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Nínú Ducato, abẹ́ mátì níwájú, níbi tí ẹsẹ̀ ń wà, ni ti ẹ́ńjìnnì wà. Wáyà odi, ìyẹn dúdú, ni kó kọ́kọ́ tú, tó bá sì ń dá a padà, òun ni kó so kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ bátìrì líthíọ̀mù ni ti inú ilé, ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀: kò gbọ́dọ̀ gba iná nígbà tí òtútù bá wà nísàlẹ̀ 0°C, ìdajì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sì dára kó wà, kì í ṣe kíkún. Ti sólà orí ọkọ̀, tí ẹ bá ní in, ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni bátìrì inú ilé nìkan ló ń fún níná, kì í kan ti ẹ́ńjìnnì.

Ṣùgbọ́n kí ó tó fọwọ́ kan bátìrì, kí ẹ̀yin fúnra yín kọ́kọ́ pe àwọn adójútòfò. Tí ìwé yín bá sọ pé áláàmù tàbí ẹ̀rọ atọpinpin gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, tí ẹ bá tú bátìrì, tí wọ́n bá sì jí ọkọ̀ lọ, ẹjọ́ máa wà. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ wà ní Nàìjíríà títí di oṣù kẹrin, ẹ sọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè gbà kí ẹ tú bátìrì nígbà tí ọkọ̀ bá wà nínú ọgbà tó ní ẹ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, kí ọmọ yín rọ iná sí bátìrì, kó dá a padà, kó sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí mo fi kọ ìmọ̀ràn ọkọ yín. Títan ẹ́ńjìnnì nínú òtútù ló ń fa iná bátìrì jù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọkọ̀ fi dúró sójú kan kò sì lè dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ́ńjìnnì dísù kì í tètè gbóná bí kò bá rìn. Bí kò bá gbóná, omi tó ń jáde pẹ̀lú èéfín máa dúró sínú sàlẹ́ńsà, díẹ̀ á bọ́ sínú óìlì, dúdú èéfín á sì máa kóra jọ sínú DPF, asẹ́ tó ń gbá a mú. Asẹ́ yìí nílò ìrìn gígùn kó tó lè jó dúdú náà dànù. Dísù tí ẹ rà ní oṣù kẹsàn-án, ti ìgbà ooru ni, bí òtútù bá le gan-an ó lè ki. Ẹni tó bá fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì, kó gbé ọkọ̀ jáde, kó wà á fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí gbogbo rẹ̀ gbóná dáadáa. Bí kò bá lè ṣe èyí, kí ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó sinmi. Ní tiyín, kó sinmi.

Èyí bá ọ̀rọ̀ MOT mu pẹ̀lú. Níwọ̀n bí ọkọ̀ ti wà lórí ilẹ̀ àdáni, ẹ lè ṣe SORN láti Ìjẹ̀bú-Òde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ni kí ẹ fi tó ìjọba létí pé kò sí lójú títì. Nọ́ńbà onídíjíìtì 11 tó wà nínú ìwé ọkọ̀ yín, V5C, lẹ máa fi ṣe é, lọ́jọ́ náà gan-an ló sì máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á dá owó orí ọkọ̀ tó ṣẹ́kù padà fún yín ní iye oṣù tó bá kù ní odidi. Ọkọ̀ tó wà lábẹ́ SORN kò gbọ́dọ̀ rin títì àyàfi tó bá ń lọ ṣe MOT tí ẹ ti gba àyè fún tẹ́lẹ̀. Òfin gbà kí ẹ fagi lé ìdójútòfò nígbà tí SORN bá wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Iná àti olè ò mọ SORN. Bí ọmọ yín ló máa wà á lọ ṣe MOT ní oṣù kẹrin, kí orúkọ rẹ̀ wọ inú ìdójútòfò, kí ẹ sì wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ọkọ̀: tó bá ju 3,500kg lọ, tó sì jẹ́ pé láti 1 oṣù kìíní ọdún 1997 ló yege ìdánwò ọkọ̀, láísẹ́ǹsì rẹ̀ lásán ò gbé e, àfi tó bá ní C1, ìyẹn àyè láti wa ọkọ̀ tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó kù ò gba àkókò. Kó pa gáàsì lórí sìlíńdà. Kó gbé tìmùtìmù dìde kó má lẹ̀ mọ́ ògiri, kó ṣí fíríìjì àti kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀, torí ọ̀rinrin tí kò bá rí ọ̀nà lọ ló ń di èébu. Àwọn ihò afẹ́fẹ́ tó wà nílẹ̀ àti lórí òrùlé, ẹ má jẹ́ kó dí wọn nítorí òtútù. Ti ilẹ̀ ni gáàsì tó bá jò máa gbà jáde. Gbogbo oúnjẹ ni kó kó jáde, títí dórí páálí bisikíìtì àti gààrí tí ẹ fi pamọ́, kí èkúté má baà kọ́lé síbẹ̀ kó sì máa gé wáyà jẹ. Kó fa afẹ́fẹ́ sí táyà dé ìwọ̀n tó ga jù tí wọ́n kọ sára ọkọ̀. Ẹ má dààmú rẹ̀ pé kó máa sún ọkọ̀ síwá sẹ́yìn, ibi tó bá tẹ̀ lára táyà láàárín oṣù mélòó kan sábà máa ń padà sípò tí ọkọ̀ bá rìn díẹ̀. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá tẹ́jú, kó fi wéèjì há táyà níwájú lẹ́yìn, kó fi ọkọ̀ sí jíà, kó tó tú bíréèkì ọwọ́, kí ti ẹ̀yìn má baà lẹ̀ pọ̀.

Ní oṣù kẹrin, tí ẹ bá ti dé, ẹ pa gbogbo ohun tó ṣí dé, ẹ rọ omi díẹ̀ sí táńkì, kí ẹnì kan tan pọ́ǹpù, kí ẹnì kejì kúnlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ ìfọwọ́. Ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan títí omi á fi yọ, kí ẹ wá pa wọ́n dé. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ dákẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ó bá ń dún lọ tàbí tó ń dún tó ń dákẹ́, omi ń jò níbì kan: ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ da omi náà nù, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kí ẹ tó tún tàn án.